Omidan Octavia Hill, Ẹni tí ó Gba Pápá Sílẹ̀ fún Ará Ìlú

Àwọn ọmọ ìlú wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣàì mọ òkè tí à ń pè ní Parliament Hill. Ẹnikẹ́ni lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi láti gba atẹ́gùn, a kì yóò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí ń bẹ nílé àti àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi mọ obìnrin kan tí ó wà lára àwọn tí ó jà fún ilẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù December, ọdún 1838, ni a bí i ní ìlú Wisbech, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣòwò ọkà ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n òwò náà fọ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Ìyá rẹ̀ kó wọn lọ sí Finchley, tí ó jẹ́ ìgbèríko nígbà náà, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ adùn pápá.

Ní ọdún 1865, John Ruskin, òǹkọ̀wé olówó nì, ra ilé mẹ́ta ní Marylebone, ó sì fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀. Octavia tún wọn ṣe, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì ń gba owó ilé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i bí odidi ìdílé ti ń há mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọ wọn kò sì ní ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti lè kan koríko.

Pápá Swiss Cottage ni irú wọn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ní 1875, òkìkí kàn pé a fẹ́ kọ́ ilé sí i. Octavia kọ ìwé sí ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, owó sì ń wọlé. Púpọ̀ nínú £10,000 tí à ń wá ti pé kí àwọn onílẹ̀ tó yí ohùn padà. Ilé bo gbogbo pápá náà mọ́lẹ̀.

Ní tiwa, a gbà pé àdánù yìí ni olùkọ́ rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó. Bí olóore kan tilẹ̀ ra ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àwọn àrólé rẹ̀ lè tà á bí ó bá kú. (Ẹni tí ó ti bá ọmọ onílẹ̀ ṣe ẹjọ́ rí kò nílò àlàyé.) Parliament Hill bọ́ sí ọwọ́ ará ìlú ní 1889, lẹ́yìn ìjàkadì ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kì í kú ni Octavia ń wá. Robert Hunter, agbẹjọ́rò, ti dá irú rẹ̀ lábàá ní 1884. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú àlùfáà Hardwicke Rawnsley sì dá National Trust sílẹ̀ ní oṣù January, ọdún 1895. Ní ọdún náà gan-an, Fanny Talbot fún ẹgbẹ́ náà ní Dinas Oleu, ilẹ̀ tí kò pé éékà márùn-ún, lórí òkè tí ó kọjú sí òkun ní ilẹ̀ Wales. Ní 1902, àwọn ènìyàn dá £6,500 láti ra Brandelhow ní etí adágún Derwentwater. Òfin ọdún 1907 sì fún ẹgbẹ́ náà ní àṣẹ láti kéde ilẹ̀ rẹ̀ ní ohun tí a kò gbọdọ̀ tà.

Omidan Hill kú ní ọjọ́ 13 oṣù August, ọdún 1912. Àwọn kan fẹ́ kí a sin ín sí Westminster Abbey, níbi tí a ti sin ọ̀pọ̀ ọba láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ pé Crockham Hill ni kí a sin òun sí. Nítòsí ibojì rẹ̀ ni Mariners Hill wà, ọ̀kan nínú àwọn òkè tí ó bá wọn wá owó rà, tí ẹni gbogbo ń gùn títí di òní.