Ìtàn Ìgbésí Ayé James Van Der Zee, Ayàwòrán Ìgbéyàwó ní Harlem (1886–1983)

Ẹ ó rí i pé àwòrán ìgbéyàwó pọ̀ nínú ìwé ìrántí yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a yà síbẹ̀ ni ó ti sùn nínú Olúwa, a kò sì ní ohun mìíràn tí ó lè fi ojú wọn hàn wá mọ́. Síbẹ̀, a kì í sábà bèèrè ẹni tí ó ya àwòrán náà. Nítorí èyí ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí a kọ ìtàn ọ̀kan nínú irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síhìn-ín, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

A bí James Van Der Zee ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1886, ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Lenox, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Bàbá àti ìyá rẹ̀, John àti Susan, ti ṣe ìránṣẹ́ rí nínú ilé Ọ̀gágun Ulysses S. Grant, ẹni tí ó jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó wá tẹ̀dó sí Lenox. Níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti di olùtọ́jú ilé ìsìn Trinity, ti Ìjọ Episcopal. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí kì í ṣe ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé náà fẹ́ràn orin púpọ̀, James pàápàá sì mọ dùùrù àti fáólìnì í lò dáadáa.

Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó rí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá àwọn oníṣòwò kan ta àpò kéékèèké tí a kó ìyẹ̀fun olóòórùn dídùn sí, a ó fi kámẹ́rà ta á lọ́rẹ. Ọmọ náà tà wọ́n tán, kámẹ́rà sì dé. Ó ṣe ni láàánú pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ọmọdé mìíràn ìbá sọ ọ́ nù kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn James ti fà mọ́ ọn: ó ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké káàkiri ìlú títí ó fi rí owó ra èyí tí ó sàn jù ú lọ. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ bí a ti ń po oògùn àwòrán, bí a ti ń fọ gíláàsì nínú òkùnkùn, àti bí a ti ń tẹ àwòrán sórí ìwé. Àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yà. Kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é.

Ìfẹ́ nìkan kì í bọ́ ènìyàn. Ní 1906 ó lọ sí New York, ó sì fẹ́ aya ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń darí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gun òkè ilé, ó sì ń fi fáólìnì jẹun. Ìgbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 1915 ni ó rí iṣẹ́ nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ inú yàrá òkùnkùn níbi tí a ti ń fọ àwòrán, fún dọ́là 5 lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sí nílé, òun ni í ya àwọn oníbàárà. Kò sì pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé ọkùnrin dúdú náà ni àwọn ń fẹ́, nítorí pé ọ̀gá a máa kánjú, ṣùgbọ́n James a máa fara balẹ̀ to ènìyàn kí ó tó yà á.

Ní nǹkan bí ọdún 1916 ni ó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ ní Harlem, òun àti Gaynella Greenlee, ẹni tí ó di aya rẹ̀ kejì. Àkókò náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń rọ́ wá láti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ìyà ti ń jẹ wọ́n, wá sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá. Ní ọdún wọ̀nyí, àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó ń bu àwọn ènìyàn dúdú kù wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lórí káàdì ìkíni ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó mú kí àwòrán ìgbéyàwó lásán di ohun ńlá. Ìránṣẹ́ ilé tí ó ti fọ aṣọ ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí ó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, yóò wọ aṣọ funfun tí ó ń wọ́ nílẹ̀, yóò di òdòdó mọ́ra, yóò sì jókòó nínú yàrá Van Der Zee bí ọmọ ọba. Van Der Zee ní àga dáradára, ó ní aṣọ ẹ̀yìn tí a ya ọgbà tàbí ilé ọlọ́rọ̀ sí, ó sì ń ṣe ètò ọwọ́, orí àti ojú ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwòrán àtijọ́ tiwa sábà máa ń fi ènìyàn hàn ní ìjókòó gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún méjèèjì. Èyí ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin yìí yàn yàtọ̀.

Àwòrán kan wà tí ó yà ní 1926, ti ọkọ àti ìyàwó tuntun. Bí a bá tẹjú mọ́ ọn, a ó rí ọmọdébìnrin kan tí ó jókòó lẹ́sẹ̀ wọn, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí òjìji. Kò sí ọmọ níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Van Der Zee ni ó mú nẹ́gátíìfù mìíràn, èyíinì ni gíláàsì tàbí fíìmù tí a ti ń tẹ àwòrán jáde, tí ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá irọ́ ni èyí, èmi yóò ní kí ó ṣí Ìwé Àdúrà sí ìsìn ìgbéyàwó, kí ó ka àdúrà tí àlùfáà ń gbà pé kí Olúwa fi ọmọ ta tọkọtaya lọ́rẹ. Ohun tí àlùfáà fi ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún ni ọkùnrin yìí fi ìwé àti oògùn yà. Ó tún a máa fi kálàmù dí àlàfo eyín, a sì máa ya ohun ọ̀ṣọ́ sí ọrùn tí kò ní ọ̀kan. Ní ti èyí, ọkàn mi kò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ìyàwó kan dá àwòrán rẹ̀ padà nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbéyàwó nìkan ni ó yà. Àwọn ọmọ ogun, ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti olókìkí gbogbo ni ó kọjá níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Ní 1924 ni Marcus Garvey gbà á láti máa ya àwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti ní ẹ̀ka ní Èkó láti 1920. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ya òkú nínú pósí fún àwọn ará ilé tí ó wà lọ́nà jíjìn, a sì máa tẹ áńgẹ́lì sí òkè wọn. Ní 1927 iṣẹ́ náà dé bá òun tìkára rẹ̀: Rachel ọmọbìnrin rẹ̀ kú ní ọ̀dọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á nínú pósí.

Lẹ́yìn Ogun Ajàkáyé kejì, kámẹ́rà di ohun tí olúkúlùkù lè rà, àwọn ènìyàn kò sì wá mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Arúgbó náà ń tún àwòrán gbígbó ṣe fún àwọn tí ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ń ya ti ìwé ìrìnnà, gbèsè sì ń gorí gbèsè. Ní 1967 ni Reginald McGhee wọ ilé rẹ̀, ó ń wá àwòrán Harlem àtijọ́ fún ìfihàn kan tí Metropolitan Museum ní New York fẹ́ ṣe. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán àti nẹ́gátíìfù tí Van Der Zee kò sọ nù. Ìfihàn náà ṣí ní oṣù kìíní 1969, àwòrán Van Der Zee ni ó sì pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1969 náà ni a lé òun àti aya rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá jáde kúrò nínú ilé wọn ní Lenox Avenue. Arúgbó ni nígbà náà. Mo ti ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì àti lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì rọrùn fún mi láti kọjá ibẹ̀ láìdúró.

Gaynella kú ní 1976. Ní 1978 ó tún gbéyàwó. Aya tuntun náà dúró tì í gbọn-in, ó tún ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ tò, títí ọkùnrin náà fi padà sídìí kámẹ́rà ní 1980, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 90 ọdún. Ní oṣù karùn-ún 1983 ó lọ sí Washington láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá tí Yunifásítì Howard fi dá a lọ́lá, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, ẹni ọdún 96.

Ní 2021 ni Metropolitan Museum, pẹ̀lú Studio Museum tí ó wà ní Harlem, gba iṣẹ́ rẹ̀ sí ìtọ́jú wọn: àwòrán títẹ̀ bí 20,000, nẹ́gátíìfù bí 30,000, pẹ̀lú àwọn ohun èlò ilé ìyàwòrán náà.