SHIBUSAWA EIICHI, ẸNI TÍ Ó FI IṢẸ́ ÌJỌBA SÍLẸ̀ NÍTORÍ ÒWÒ

Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, níbo ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí? Shibusawa Eiichi, ará Jàpáànì, ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣòwò. Nítorí náà ni a ṣe yan ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1840 ni a bí i, ní abúlé kan ní agbègbè tí a ń pè ní Saitama lónìí. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ẹ̀lú ni wọ́n ń ṣe tà fún àwọn aláró. Ní ìgbà náà, àwọn jagunjagun ni ọlọ́lá ní Jàpáànì. Oníṣòwò, bí ó ti wù kí ó lówó tó, ẹni ẹ̀yìn ni.

Ní 1867 ó bá ọmọ-aládé kan lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni ó ti rí oníbáńkì àti ọ̀gágun tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Ó tún rí bí owó kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń di owó ńlá tí a fi ń la ọ̀nà ojúirin. Ẹni tí ó bá mọ èsúsú yóò tètè lóye èyí, àfi pé owó tiwọn kì í kárí lọ sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan; inú iṣẹ́ ni ó ń gbé.

Ní 1869 ìjọba titun pè é sí ilé-iṣẹ́ ìṣúra. Ní 1872 ìjọba ṣí ilé-iṣẹ́ sílíkì ní Tomioka, láti fi han àwọn ará ìlú bí a ti ń ṣe é. Ará Faransé ni ó ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọbìnrin kọ̀, wọn kò wá, nítorí wọ́n gbọ́ pé Òyìnbó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wáìnì pupa ni wọ́n rí! Odaka, ìbátan Shibusawa tí ó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ tirẹ̀ wá.

Ní 1873 Shibusawa kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ìjà lórí ìnáwó ìjọba wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń dùn ún pé gbogbo ọ̀mọ̀wé ń sáré sí iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ báńkì, lábẹ́ òfin tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn ṣe.

Ìjọba ra ẹ̀rọ ìrànwú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníṣòwò, ọ̀pá ìrànwú 2,000 fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Omi odò ni ó ń yí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èrè kò tó nǹkan. Shibusawa rí i pé wọ́n kéré jù. Ó kọ̀wé sí Yamanobe Takeo, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní London, pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ òwú. Ní 1883 ilé-iṣẹ́ Osaka bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá 10,500 àti agbára ooru omi. Tọ̀sán tòru ni ó ń ṣiṣẹ́, ó jèrè, àwọn mìíràn sì ń fara wé e.

Àwọn obìnrin ni iṣẹ́ òru náà wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí ìjọba ń gbèrò òfin láti dáàbò bò wọ́n ní 1896, Shibusawa lòdì sí i. Àbùkù ńlá ni èyí lójú tiwa. 1911 ni òfin náà tó jáde.

Nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ni ó lọ́wọ́ sí, kò sì sọ wọ́n di ogún ìdílé rẹ̀. Ìjọba náà ta ti Tomioka fún ilé Mitsui ní 1893. Shibusawa kú ní 1931, ní ẹni ọdún 91. Láti 2024 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó 10,000 yẹ́ẹ̀nì.