Alois Alzheimer: Dókítà Tó Wádìí Ọ̀rọ̀ Ìṣarán

Alois Alzheimer la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìlú Marktbreit ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1864. Ó kàwé dókítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1888 nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt. Ní 1901, wọ́n mú obìnrin kan wá síbẹ̀, Auguste Deter, ẹni ọdún 51. Kò tíì darúgbó, àmọ́ ó ń ṣe bí arúgbó tó ń ṣarán. Kódà, kíkọ orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ di ìṣòro fún un. Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, Alzheimer lọ ń ṣiṣẹ́ ní Munich, ṣùgbọ́n kò gbàgbé obìnrin náà. Nígbà tí Auguste kú ní 1906, ó ní kí wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ó fi microscope wò ó. Ó rí ìdọ̀tí tó dì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó tún rí nǹkan bí òwú tó lọ́ mọ́ra nínú wọn. Ní November ọdún yẹn, ó ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn dókítà ní Tübingen. Ẹnì kan ò bi í ní ìbéèrè! Ní 1910 ni ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà nínú ìwé. Alzheimer kú ní 1915, ẹni ọdún 51 lòun náà.

Lẹ́yìn nǹkan bí 70 ọdún ni wọ́n tó mọ̀ pé purotéènì kan tó ń jẹ́ tau ló wà nínú òwú yẹn. Iṣẹ́ tau ni láti di ọ̀nà tí ẹrù ń gbà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ mú kó má wó. Phosphate tá a ń kọ́ ní Chemistry máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá mọ níwọ̀n, kò séwu. Tó bá ti pọ̀ jù, tau á kúrò nídìí iṣẹ́, á lọ́ mọ́ra, ọ̀nà á bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Títí dòní, kò tíì sí oògùn tó ń wo àrùn náà sàn pátápátá.

Nílẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí àrùn yìí láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn, wọ́n sì rí i níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń pe màmá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ sódì ní àjẹ́, wọ́n á ní ó ń jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àìsàn ni. Ọsibítù ló yẹ ká mú wọn lọ, ká sì jókòó tì wọ́n bí Alzheimer ṣe jókòó ti Auguste.