Thomas Graham, ọmọ tó yan kẹ́mísírì

Kò sí ọmọ sáyẹ́ǹsì ní SS2 tí kò tíì há òfin Graham sórí nítorí WAEC. Ṣùgbọ́n ta ni Graham gan-an?

Ìlú Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1805. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tó wọ yunifásítì. Bàbá fẹ́ kó di àlùfáà, àmọ́ kẹ́mísírì ni ọkàn ọmọ wà. Ọ̀rọ̀ di ìjà, bàbá ò sì fún un lówó mọ́. Ìyá rẹ̀ ló dúró tì í. Graham ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò láti fi rí oúnjẹ jẹ.

Ní 1830, ọdún tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ Anderson ní Glasgow. David Livingstone inú ìwé ìtàn wa wà lára àwọn tó kọ́ níbẹ̀. Graham fi P.O.P., irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílìn, dí ẹnu ọ̀pá gíláàsì, ó sì rí i pé gáàsì tó fúyẹ́ ń yára gba inú rẹ̀ kọjá ju èyí tó wúwo lọ. Ó tẹ òfin náà jáde ní 1833. Ní 1837, ó kó lọ sí London.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó wá ń gba ẹ̀mí là jáde ní 1861, ọdún méjì lẹ́yìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níbí. Graham na bébà kan tí wọ́n ti rì sínú ásíìdì bo ojú kòǹgà, bí ẹni bo ìlù, ó gbé e lé omi, ó da ìtọ̀ sí i. Yúríà inú ìtọ̀ gba inú bébà bọ́ sínú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ojú ẹyin funfun àti gọ́ọ̀mù dán an wò, wọn ò kọjá. Ó pe ọgbọ́n yìí ní dialysis.

Kí ló fà á? Pólímà ni bébà: mólíkù kéékèèké tó so pọ̀ gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ihò tíńtìntín wà láàárín wọn. Èyí tó kéré á kọjá, èyí tó tóbi á dúró. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni asẹ́ ìyá ológì ṣe ń dá èèrí dúró.

Graham kú ní 1869, kò gbé ìyàwó rárá. Kò rí i kí wọ́n fi ọgbọ́n rẹ̀ wo aláìsàn kankan. Ní 1913, Abel dán an wò lára ajá ní Amẹ́ríkà. Ní 1945, Kolff fi sẹloféènì gba obìnrin kan là ní Netherlands.

Lónìí, wọ́n ń ṣe é ní FMC Ìdí-Aba. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á gba inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá ṣíṣòfo tó tín-ín-rín bí irun. Pólímà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ìdọ̀tí á jáde, ẹ̀jẹ̀ á dúró. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ sábà máa ń nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, ẹ má lo oògùn ara ríro nílòkulò, ẹ sì rán àwọn òbí wa létí kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ̀yin tó ń múra JAMB, tí ilé ń sọ pé ẹ ṣe èyí, tí ọkàn yín wà níbòmíràn, ẹ rántí ọmọ Glasgow yìí.