Anquetil-Duperron, Ẹni tí Ó Wá Èdè Avesta Lọ sí Íńdíà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀mọ̀wé kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ̀. Abraham Hyacinthe Anquetil-Duperron ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Páríìsì ní ilẹ̀ Faransé ni a bí i sí ní ọdún 1731.

Ní ọdún 1754, ó rí ẹ̀dà ojú ìwé díẹ̀ nínú ìwé àtijọ́ kan tí ó wà ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Avesta ni a fi kọ ọ́, èyí tí í ṣe èdè ìwé mímọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Zoroaster, wòlíì ilẹ̀ Ìráànì láyé àtijọ́. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù tí ó lè túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Parsi, tí àwọn baba ńlá wọn ṣí kúrò ní Ìráànì lọ sí Íńdíà, ṣì ń kà á nínú ìsìn wọn. Anquetil pinnu láti tọ̀ wọ́n lọ. Ó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò Faransé tí ń ná Íńdíà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ sì mọ ohun tí ó ń lépa, wọ́n dá a sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ogun, wọ́n sì fún un ní owó ìrànlọ́wọ́.

Ó gúnlẹ̀ sí Pondicherry ní oṣù kẹjọ ọdún 1755, ṣùgbọ́n ogun àti àìsàn kò jẹ́ kí ó dé Surat títí di ọdún 1758. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Dastur Darab, àlùfáà Parsi, tí ó ń fi èdè Páṣíà là á yé e. Ní ọdún 1762 ó kó ìwé àfọwọ́kọ 180 padà wá sí Páríìsì, ó sì kó àwọn ti Avesta sí ilé ìkàwé ọba, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ní ọdún 1771 ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Lọ́dún náà gan-an ni William Jones, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ èdè Páṣíà dáadáa, kọ ìwé láti fi í ṣẹ̀sín. Lójú Jones, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ti ẹnu ọlọ́gbọ́n jáde. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé àwọn àlùfáà ni ó tan Anquetil jẹ. Ẹ̀gàn yìí kò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò tíì dá a láre tán nígbà tí ó kú ní ọdún 1805.

Ní ọdún 1826, Rasmus Rask ará Dẹ́ńmáàkì, tí òun náà ti dé Íńdíà, fi hàn pé ògbólógbòó èdè tòótọ́ ni Avesta, pé ìbátan ni òun àti Sanskrit. Lẹ́yìn náà Eugène Burnouf ṣí àwọn ìwé tí Anquetil kó sí Páríìsì, ó sì rí i pé àṣìṣe pọ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìtumọ̀ lè kùnà kí ìwé tí a túmọ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Jones pa méjèèjì pọ̀. Bí Anquetil bá kó ìtumọ̀ nìkan wálé ni, kò sí ohun tí Burnouf ì bá fi tún un ṣe. Nítorí náà, àwa tí a ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá, nígbà tí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ kí a tó túmọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí yóò gbọ́n jù wá lọ lọ́la lè rí ibi tí a ti ṣìnà.