Olóògbé D. O. Fágúnwà, Ẹni Tí Ó Kó Igbó Sínú Ìwé

Ní ilẹ̀ Àwórì níhìn-ín, láti Ìjẹ̀gùn dé Ìṣẹ̀rì, ìtàn ọdẹ ni ìtàn ìlú. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ bí Ògúnfúnminírè ọdẹ ti tẹ̀lé àwo rẹ̀ lójú omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Ṣùgbọ́n igbó tí irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ là kọjá kò sí mọ́. Ilé ti bo Ìjẹ̀gùn, ọmọ tí a sì bí síbẹ̀ lè dàgbà kí ó má fi ojú kan ẹtu tàbí ìgalà. Nítorí náà ni ó ṣe wù wá láti sọ díẹ̀ nínú ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó kó igbó sínú ìwé kí igbó tó tán, èyíinì ni Olóògbé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà.

Ní ọdún 1903 ni a bí i ní Òkè-Igbó, ní apá ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nísinsìnyí. Orúkọ ìlú náà tó láti sọ irú ibi tí ọmọ náà ti la ojú sí ayé. Òròwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti di onígbàgbọ́ tí òun náà sì ti dàgbà, ó pa orúkọ yìí dà sí Ọlọ́runfẹ́mi. Síbẹ̀ kò pa Fágúnwà tì, Ifá sì wà nínú orúkọ náà títí ó fi kú. Bí ó ti ṣe sí orúkọ gan-an ni ó ṣe sí igbó: ó gba ẹ̀sìn titun tọkàntọkàn, kò sì da ohun tí àwọn baba mọ̀ nù.

Ó lọ sí ilé ìwé St. Luke ní Òkè-Igbó, ó sì wọ St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1926. Nígbà tí ó jáde, ó ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ kan náà láti ọdún 1930 títí di ọdún 1939. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́, koríko ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju igi ńlá lọ. Bóyá ìjìnnà yìí ni ó jẹ́ kí igbó ilé rẹ̀ máa pè é. Ní àkókò náà, èébú ni kí a pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ará oko. Ẹni tí ó bá kàwé a máa wo ọ̀nà ìlú, kì í wo ẹ̀yìn wò.

Ní ọdún 1936 ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ pe ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà kọ tirẹ̀, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ìwé ìtàn gígùn lédè Yorùbá ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ sì ni ẹni tí ó fi ṣe olórí ìtàn. Kì í ṣe akọ̀wé, kì í ṣe ọba.

Kò yà wá lẹ́nu. Ta ni ó mọ ẹranko tó ọdẹ? Ọdẹ a máa mọ ẹsẹ̀ tí ó kọjá lánàá yàtọ̀ sí tòní, a mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀, a sì mọ bí a ti ń dúró ní òru láìhúkọ́. Nínú ìjálá ó ń kí erin, ó ń kí ẹfọ̀n, ó ń kí ọ̀bọ, ó sì ń sọ ìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ẹranko kò lè kì í. Ìmọ̀ báyìí ni Fágúnwà bù mu.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà le. Bàbá Àkàrà-ògùn yìnbọn fún ẹran kan, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ilé ara rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà sì gbé e dé, nítorí ìyàwó rẹ̀ ni ó pa ara dà. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ kò ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìbọn mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọdẹ akọni dìde lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọ̀kan nínú wọn ni Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ, ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn ẹranko. Wọ́n dé ìlú àwọn ẹyẹ, níbi tí Ògòǹgò ti jọba. (Ògòǹgò kì í gbé igbó wa, ẹyẹ ilẹ̀ gbígbẹ ní òkè ọya ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá olùkọ́ jà nítorí pé ó mú ẹyẹ tí ó tóbi jù jọba?) Nígbà tí wọ́n sì dé òpin ìrìn àjò, kì í ṣe wúrà ni Ìrágbèje kó fún wọn: ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje.

Àwọn kan ń sọ pé ìwàásù pọ̀ jù nínú ìwé Fágúnwà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn olùkọ́ a dìde láàrin ìtàn, a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọdẹ, yóò sì máa bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ibi tí igbó fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ ọdẹ ni a fẹ́ jù. Ọdẹ wọlé pẹ̀lú ìbọn, oògùn àti ìgbéraga. Igbó gba ìgbéraga lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ó sá gun igi, ebi pa á, iwin ojú mẹ́rìndínlógún tí à ń pè ní Agbákò dá a dúró, ó sì ké pe Ọlọ́run. Ibẹ̀ kò nílò àlàyé kankan.

Lẹ́yìn náà Fágúnwà kọ́ni ní Èkó pẹ̀lú, ó sì lọ sí Ìlú Ọba láti ọdún 1946 sí 1948. Ní ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè jáde, àti Ìrèké Oníbùdó. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé e ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní ọdún 1961. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ igbó ti ń padà wá sí orúkọ àwọn ìwé náà, láàrin ọdún tí a ń gé igbó gbin kòkó ní ilẹ̀ ibi tí a ti bí i.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ó wà lójú ọ̀nà ní òkè ọya. Ní Wuya, nítòsí Bida, odò gbé e lọ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni Wọlé Ṣóyínká tú ìwé àkọ́kọ́ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tí kò rí igbó Òkè-Igbó rí fi bá Àkàrà-ògùn wọ inú rẹ̀.