Olóògbé Àlùfáà Samuel Johnson, Òpìtàn Yorùbá

Ó yẹ kí a rán ẹ̀yin òǹkàwé wa létí Olóògbé Àlùfáà Samuel Johnson. Hastings, ní Sàró, ni a bí i sí ní 1846. Ní 1858 ó bá àwọn òbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn; Abẹ́òkúta ni ó ti kàwé, ó sì padà sí Ìbàdàn ṣe tíṣà. Láti 1881 Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe ibùjókòó. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó, títí àdéhùn fi wáyé ní 1886.

Ẹnu àwọn arọ́kin àti àgbààgbà ni ó ti gbọ́ ìtàn. Kì í ṣe ti ọba àti ogun nìkan ni ó kọ. Ó kọ ti ìgbéyàwó, ìsìnkú, ilà ojú, orúkọ àti òfin ilẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó láti tẹ̀ sọnù pátápátá.

Ní 1901 ọlọ́jọ́ dé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún un kọ. Òun pàápàá kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde.

Àwọn kan ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́, kí ni à bá rí jiyàn lé? Ẹ tètè bi àwọn àgbà ilé yín léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.